Ayùn Aláìléyín Bátólò

Ẹ̀yin ọmọ, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ní abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè olókùúta funfun ní ilẹ̀ Ítálì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bátólò. Ó mọ iṣẹ́ òkúta gígé dáadáa, àmọ́ ìkánjú ni àrùn tó ń bá a jà. Àní kì í dúró kí oúnjẹ tutù kó tó gbé e mì, ojoojúmọ́ ni oúnjẹ ń jó o lẹ́nu.

Bátólò ní ayùn ńlá kan tí odò ń fà. Omi á máa ti kẹ̀kẹ́ onígi, kẹ̀kẹ́ á sì máa fa irin gbọọrọ kan síwá sẹ́yìn lórí òkúta. Irin náà kò ní eyín rárá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà kọ́kọ́ jiyàn nígbà tí mo gbọ́. Yanrìn tí wọ́n ń bù sábẹ́ irin pẹ̀lú omi ló ń jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀, bí ìbú ìka kan péré lójúmọ́. Nunsíà, ìyá Bátólò, ló ń fi asẹ́ jọ yanrìn náà, kò sì jẹ́ kí òkúta wẹ́wẹ́ kankan bọ́ sí i.

Lọ́dún kan, àwọn ará abúlé ní kí Bátólò la òkúta kan fún pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni màlúù fi fà á sọ̀kalẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ lórí òkè náà. Bátólò fọ́nnu pé òun á parí rẹ̀ kó tó di ọdún Àjíǹde. Nígbà tó rí i pé ọjọ́ ń lọ, ó ṣí ojú omi sílẹ̀ gbayawu kí kẹ̀kẹ́ lè yára yí, ó sì gba asẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Nunsíà ní, "Ọmọ mi, yanrìn ni eyín irin yìí. Má fún un ní ohun tí kò lè jẹ."

"Ìyá mi, ẹ lọ jókòó. Tá a bá ń jọ yanrìn, ọdún tó ń bọ̀ la máa parí."

Ó fi ṣọ́bìrì kó yanrìn etídò sábẹ́ irin bó ṣe wà. Kò pẹ́ tí òkúta wẹ́wẹ́ kan há síbẹ̀. Omi kò mọ̀ pé nǹkan há, ó ṣáà ń ti kẹ̀kẹ́ lọ. Irin náà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta pẹpẹ sì là sí méjì. Bátólò jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Nunsíà kò bú u. Ó na asẹ́ sí i, ó ní, "Dìde. Èyí tó fọ́ náà ṣì ṣeé là."

Bátólò nu ojú, ó di àmùrè gírí. Oṣù méje ló fi jọ yanrìn fúnra rẹ̀, tó ń la àfọ́kù méjèèjì ní ìwọ̀n ìka kan lójúmọ́. Òjò rọ̀, òtútù mú, kò kúrò nídìí ayùn. Àwọn ará abúlé gba pẹpẹ náà tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ìlà kan wà láàárín rẹ̀ níbi tí wọ́n ti so àfọ́kù méjèèjì pọ̀. Títí Bátólò fi kú, bó bá ti kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ìlà náà ni ojú rẹ̀ ń bá pàdé.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí ìkánjú bá bà jẹ́, sùúrù lè tún un ṣe, ẹ má sì jẹ́ kó sú yín láti tún un ṣe. Àmọ́ àpá rẹ̀ kò ní lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.