Alágbàfọ̀ Tó Fọ Omi

Ọkùnrin alágbàfọ̀ kan wà tí ojú rẹ̀ kò gba àbàwọ́n. Èyí kò burú fún ẹni tó ń fi aṣọ fífọ̀ jẹun. Ohun tó burú ni pé kò gbà pé ẹlòmíràn lè mọ ohun tí òun kò mọ̀. Báláú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Yóò funfun báláú." Ó sì máa ń funfun lóòótọ́.

Olùkọ́ ni ìyàwó rẹ̀, kí àìsàn ọkàn tó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ìbejì tí wọ́n bí ti dàgbà, wọ́n ti lọ sí ọ̀nà jíjìn. Obìnrin náà wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, kò rí nǹkan kan ṣe. Nígbà tó yá, ó ní kí káfíńtà ìsàlẹ̀ ilé bá òun kan tábìlì tó lágbára sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì gbé àpótí onídígí ńlá kan tí yóò máa fi sin ẹja aláwọ̀ wúrà lé e.

Ó bu erùpẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sẹ́ ẹ, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí náà ní ìwọ̀n ìka méjì. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ bò ó kí ẹja má baà máa tú u. Ó fi òwú so ewéko inú omi tí ewé rẹ̀ le mọ́ àwọn òkúta ńlá, torí ẹja aláwọ̀ wúrà a máa jẹ ewé tútù bí ewúrẹ́. Kò ra ẹ̀rọ kankan. Ó pọn omi sínú ike, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí oògùn inú omi ẹ̀rọ lè fẹ́ lọ, kó tó rọra dà á sínú àpótí. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń dúró.

Omi náà kọ́kọ́ dà bí omi ìfọṣọ. Lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ ewé. Báláú ní òun kò lè máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú yàrá òun.

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Ìbejì. Yóò fọ ara rẹ̀."

"Omi wo ló ń fọ ara rẹ̀?"

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó fọ ara rẹ̀. Ewéko ti ta gbòǹgbò, ìgbín kéékèèké tó bá wọn wá ń rìn lára dígí, nǹkan kan tó ń yọ̀ sì ti bo àwọn òkúta. Ìgbà náà ni obìnrin náà tó ra ẹja mẹ́ta. Dókítà ní kó máa jókòó síwájú wọn lójoojúmọ́, nítorí ọkàn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí àìsàn náà tún gbé e, wọ́n ní kó wá dúró ní ilé ìwòsàn. Kó tó kúrò nílé, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Ẹ fún àwọn ẹja lóúnjẹ díẹ̀ láàárọ̀. Ẹ má fọ nǹkan kan níbẹ̀. Nǹkan tó ń yọ̀ lára òkúta yẹn ló ń jẹ ìdọ̀tí wọn. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ ti pa wọ́n. Àwọn ni mo fẹ́ bá nílé tí mo bá dé."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi wo àwọn òkúta yẹn. Ní ọjọ́ kọkànlá, dókítà ní ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ìyàwó rẹ̀ máa bọ̀ nílé. Báláú ní òun yóò ṣe ohun tí yóò dùn mọ́ ọn. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó kó ẹja sínú abọ́, ó kó erùpẹ̀ dànù, ó sì fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti oògùn tó fi ń sọ aṣọ di funfun fọ àwọn òkúta. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni káfíńtà bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ìyàwó yín ní kí ẹ má fọ̀ ọ́?"

"Nínú èmi àti ìwọ, ta ló ń fi ìmọ́tótó jẹun?"

Káfíńtà bá tirẹ̀ lọ. Báláú tú omi ẹ̀rọ sínú àpótí lójú ẹsẹ̀, ó dá ẹja padà. Omi náà mọ́ débi pé ńṣe ló dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú dígí. Ó dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹja wà lókè omi, wọ́n ń la ẹnu. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Ẹja ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

Lọ́jọ́ kẹrin, kò sí èyí tó kù. Káfíńtà wá kí i, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìyàwó yín ṣáà ń bọ̀ láàyè." Báláú di ọ̀rọ̀ yẹn mú, ó fi sùn.

Obìnrin náà dé. Kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó jókòó síwájú àpótí. Ewé inú omi ti rí bí ewé tí wọ́n bọ̀. Ó wò ó títí. Kò sunkún.

"Ó mọ́," ló wí.

Ó yíjú sí Báláú.

"Ibo lẹ sin wọ́n sí?"

"Mo dà wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí."

Ó mi orí díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó bá a gbé ẹrù láti ilé ìwòsàn, ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà sọ fún un pé, "Má wulẹ̀ tú ẹrù yẹn." Àwọn méjèèjì jọ lọ sílé àbúrò.

Báláú ra ẹja mẹ́ta mìíràn, ó gbé wọn lọ bá a nínú ọ̀rá. Obìnrin náà wò wọ́n. "Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Ẹ máa gbé wọn padà." Kò bú u, kò sì bá a jà. Ó ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ lórí fóònù bí ẹni ń béèrè ti aládùúgbò, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan sí i lọ́wọ́ mọ́ láé.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ní gbogbo Sátidé, Báláú ṣì ń lọ aṣọ ibùsùn wọn, ó sì ń tẹ́ ẹ fún ẹni méjì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ a ti rún. Apá kejì a wà bó ṣe lọ̀ ọ́, funfun báláú.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò fara sin. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mímọ̀ tí a mọ iṣẹ́ tiwa kò sọ wá di ọ̀gá lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó jọ ìdọ̀tí ni ìdọ̀tí. Bí ẹni tí a fẹ́ràn bá ní ká má fọwọ́ kan nǹkan òun, ká ká ọwọ́ wa kò. Oore tí a fi àìgbọràn ṣe, kì í ṣe ẹni tí a ṣe é fún la ṣe é fún. Ara wa la ṣe é fún, àwa nìkan la ó sì jókòó tì í.