Ẹni Tó Ṣì Wà Lórí Ẹ̀rọ Àtijọ́

Ó ti rẹ Oyèníkẹ̀ẹ́ tẹnutẹnu. Odindi ọjọ́ ló fi ń sọ ètò kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan di tuntun, ó wá ku ẹ̀rọ ògbólógbòó kan tó ní orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ nínú. Bí kò bá pa á lálẹ́ yìí, ètò tuntun kò ní ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ó yọ wáyà iná rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà ń kùn.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ ẹnìkan ṣì wà lójú ẹ̀rọ àtijọ́, bí ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́.”

“Ta ni?”

“Dókítà Ògúnmódẹdé.”

“Dókítà yẹn ti kú, a ti sin ín. Máa bọ̀ nílé.”

Kó tó kó ẹrù rẹ̀, bàbá kan nínú ẹ̀wù funfun wọ́ ẹsẹ̀ wọlé.

“Ṣé ó ti rẹ ìwọ náà?” ni ó wí. “Jẹ́ kí n parí tèmi.”

Oyèníkẹ̀ẹ́ dìde lórí àga fún un.