Hẹ́dífóònù Tí Wọ́n Rà ní Mowe

Mo fi ewú orí mi búra, ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó bá gbé omi kaná nísinsìnyí, omi náà kò ní hó kí n tó pa ẹnu dé.

Múdàṣírù, ọmọ Ìkìrun, ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Ibafo. Iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù ló kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ó di ọdún méjì tó ti pa iṣẹ́ tì, tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń ta géèmù ìbọn pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí kò rí rí. Ó ní òun ń wá ìdíje tí yóò sọ òun di ẹni ńlá. Ìdíje mọ́kànlá ló ti wọ̀. Kò kọjá ìpele kejì rí.

Fàsílátù ìyàwó rẹ̀ ló ń ránṣọ, òun ló ń bọ́ ilé. Nígbà kan ó ń di ẹrù pé òun ń lọ. Bí ẹrù bá ti dún, Múdàṣírù á sáré jáde, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, á ké sí onílé àti gbogbo ayálégbé kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí onílé, àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún, bá ti fẹ́ kúnlẹ̀, obìnrin náà á tú ẹrù. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn. Láti ìgbà ọdún Iléyá, kò di ẹrù mọ́. Wọ́n kàn jọ fi àdéhùn sí i pé ìdíje kejìlá ni yóò kẹ́yìn. Bí Múdàṣírù bá fìdí rẹmi, ọjọ́ Ajé ló ń padà sídìí fèrèsé.

“Etí ló ń pa mí,” ni Múdàṣírù wí. “Íápíìsì mi, apá ọ̀tún ti kú. N kì í gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.”

Ó retí èébú. Fàsílátù ní kí wọ́n lọ ra èyí tó dáa.

Mùsáfírù, ẹ̀gbọ́n Fàsílátù, ló gbé wọn lọ sí Mowe láàárọ̀ Sátidé, nínú ọkọ̀ tó fi ń kó pákó láti Ifo. Ọkùnrin yìí kì í dá Múdàṣírù lóhùn tó bá kí i. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ méjèèjì ló fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Àna mi, ẹ farabalẹ̀ yàn án o,” ó ní. “Nǹkan etí ni.”

Tòún, obìnrin tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà, gbé mẹ́ta kalẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ wúwo, ó di orí Múdàṣírù mú bí ọlọ́pàá. Èkejì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó wà nínú garawa. Ẹ̀kẹta ní tìmùtìmù aṣọ, ó bo etí láti òkè délẹ̀, òsì dá dúró, ọ̀tún dá dúró.

“Stẹ́ríò gidi nìyẹn, bọ̀ọ̀dá,” ni Tòún wí. “Tí ẹnì kan bá tẹ ewé gbígbẹ lápá òsì, òsì náà lẹ ó ti gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó máa yọ́ dé ẹ̀yìn yín.”

“Ṣé orí ò ní máa fọ́ wọn?” Fàsílátù bi í. “Bí wákàtí mẹ́ta ni wọ́n máa lò ó.”

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á gbàgbé pé ó wà lórí wọn ni.”

Múdàṣírù gbé e wọ̀, Tòún sì fi orin sí i. Ó di ojú. Nígbà tó yọ ọ́, Tòún ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó yín wọ́ àga irin mi kọjá lẹ́yìn yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò mira. Ó tún pe orúkọ yín. Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní olólùfẹ́ o. Ti èmi ò lè yan bàtà fún mi.”

Múdàṣírù wo ìyàwó rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ojú ti tì í tó báyìí.

“Ẹ dì í fún wa,” ni Fàsílátù wí.

Lọ́nà ilé, ó bèèrè ìgbà tí ìdíje yóò bẹ̀rẹ̀.

“Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní sí méje. Ẹni tó bá yọ hẹ́dífóònù létí, ó ti kú nìyẹn.”

“Ẹ má yọ ọ́ o, Bàbá Nusaybah.”

Nusaybah ọmọ wọn ti wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Owódé Ẹ̀gbá láti Ọjọ́bọ̀, kí ariwo rẹ̀ má bàa dí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Fàsílátù bu epo sí jẹnẹrétọ̀ títí ó fi kún. Ó yí tábìlì kọ̀ǹpútà kọjú sógiri, ó ní kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọ ọkọ òun lójú.

Aago mẹ́rin lù. Múdàṣírù gbọ́ ohun gbogbo: ewé lápá òsì, ẹsẹ̀ nínú omi lápá ọ̀tún, ẹnì kan tó ń mí lẹ́yìn ògiri. Ó kọjá ìpele kejì. Ọwọ́ kan bà á léjìká. Ó na ìka kan sókè pé kó ní sùúrù. Ọwọ́ náà dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kúrò.

Ó kọjá ìpele kẹta. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tàn sí ògiri iwájú rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i lọ́rùn. Ó rò pé Fàsílátù ló ká kọ́tìnì sókè nítorí ooru.

“Ìyá Nusaybah,” ó ké, ojú rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, “mo ti wọ ìpele kẹrin o. Kò sẹ́ni tó máa gba ẹ̀yìn mi mọ́ kí n má gbọ́.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú, kó má ta sí i létí títí aago méje, nítorí ọkọ̀ Mùsáfírù tó kó bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, máṣíìnì ìránṣọ, kọ́tìnì àti Fàsílátù kò tíì dé Ifo.