Ẹ̀wù Alápá Fẹ̀ẹ̀ Nídìí Ẹ̀rọ Ayígi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ẹ kà á tán, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, àmọ́ tí etí rẹ̀ di.

1.

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ-Wò-Mí. Bó bá gẹ irun ẹnì kan tán, á fa oníbàárà náà jáde sójú títì: "Ẹ wò ó! Ṣé orí nìyí àbí ẹyin?" Àwọn tó ń kọjá á rẹ́rìn-ín, oníbàárà pàápàá á rẹ́rìn-ín. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ó fẹ́ràn kí ojú ayé wà lára òun.

Ọkùnrin yìí wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yí igi. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń de igi mọ́. Ẹ̀rọ á máa yí i bíríbírí, wọ́n á wá fi irin mímú kàn án títí igi á fi di abọ́, ife tàbí ẹsẹ̀ àga. Sátidé ni wọ́n ń pàdé, ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan. Ìyá Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn, ni alága wọn. Káfíńtà á máa pọ́n irin, Ìyá Nọ́ọ̀sì á máa po tíì, gbogbo wọn á sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín èérún igi tó bo ilẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni wọn kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà lé lórí: ẹni tó bá fẹ́ dé ìdí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

2.

Ó wá ṣe, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan yá wọn ní gbọ̀ngàn kí wọ́n fi pàtẹ iṣẹ́ wọn fún aráàlú. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ náà rí. Ẹ-Wò-Mí yí abọ́ ńlá kan tó ń dán gbinrin, ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ká má parọ́, kò sí èyí tó tó o nínú gbogbo ọjà wọn. Káfíńtà gbé e lọ́wọ́, ó mi orí.

"Onígbàjámọ̀, o ti fá irun orí, ó wá kan ti igi!"

Ìyìn yẹn ló kó sí i lórí. Ó lọ rán ẹ̀wù tuntun, funfun báláú, apá rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọmọ ọwọ́ lè sùn sínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá wọn, ìdí ẹ̀rọ lẹ ń lọ àbí ìyàwó lẹ fẹ́ lọ fẹ́?"

"Wọ́n máa ya fọ́tò. Ṣé kí n lọ dúró bí akúṣẹ̀ẹ́ ni?"

"Ẹ mú ẹ̀wù iṣẹ́ yín dání, nítorí Ọlọ́run."

Kò mú un dání.

3.

Èrò kún gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kan wá síbẹ̀, káfíńtà ni wọ́n sì yàn láti fi iṣẹ́ han àlejò. Ìgbà tó dúró mu omi ni obìnrin kan na ọwọ́ sí abọ́ ńlá yẹn.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni! Ẹ wá, kí n fi hàn yín."

Ẹ-Wò-Mí ti dé ìdí ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì sáré bá a.

"Àbúrò mi, ká apá aṣọ rẹ."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò tán ná."

"Ẹ̀rọ ò mọ fọ́tò o!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó tan ẹ̀rọ. Ó gbé irin lé igi, ó gbójú sókè sí àwọn tó na fóònù sí i. Apá ẹ̀wù balẹ̀ lé igi tó ń yí. Ẹ̀rọ gbé e, ó wé e, ó fa apá pẹ̀lú ara mọ́lẹ̀. Aṣọ ya fàà, igbe sọ. Ọpẹ́lọpẹ́ káfíńtà tó fò dé ibẹ̀, tó pa iná ẹ̀rọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì tú ìborùn rẹ̀, ó fi di apá náà.

Abọ́ ńlá wà lórí tábìlì níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún wò ó mọ́.

4.

Egungun apá rẹ̀ tó ṣẹ́ jinná, àmọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún kò lè di ẹ̀rọ ìgẹrun mú mọ́. Iṣẹ́ tó fi tọ́ ọmọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gba gbọ̀ngàn rẹ̀ padà, ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ òun.

Nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì wá kí i, Ẹ-Wò-Mí bú sẹ́kún.

"Mọ́mì, ẹ bú mi."

"Èyí tó jẹ ọ́ ti tó. Ṣé wàá wá ní Sátidé?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ òsì ṣe?"

"Sáńpépà ò béèrè ọ̀tún, kò béèrè òsì."

Ó lọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi sáńpépà ha abọ́ àwọn ẹlòmíì, wọ́n sì ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti kọ́ṣẹ́ irun gígẹ̀ ló ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún oníbàárà pé ọwọ́ ọmọ náà tutù ju tòun lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá ń bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù láàárọ̀, ọkùnrin náà á gbójú kúrò lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ní kí ẹ ká apá aṣọ, ẹ ká a. Bó ní kí ẹ rọra, ẹ rọra. Ẹni tó ń yìn yín kọ́ ni yóò bá yín gbé ìrora. Kí olúkúlùkù fi etí gba ìkìlọ̀, bó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.