Epo Tó Ń Jò Nínú Ọkọ̀ Làmídì

Làmídì kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún un. Àléébù rẹ̀ nìyí, ó sì tó o. Bí o bá ní bọ́tìnnì rẹ̀ ti já, á bi ọ́ bóyá ìwọ lo rán ẹ̀wù náà. Dutsen Kura ló ń gbé, nínú ilé tí bàbá rẹ̀, tó bá iṣẹ́ rélùwéè wá sí Minna, kọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Labibah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní yunifásítì ní Gidan Kwano, àti Bùsàrí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, nìkan ló kù tó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Nígbà ọyẹ́ kan, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára rẹ̀. Bùsàrí ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí wọ́n ń ti Jímọ̀ bọ̀. Ó ní ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ tutù, kí ọ̀rẹ́ òun jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó. Làmídì béèrè ẹni tó ni ọkọ̀. Ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó rí ibi tí epo ti ń kán nísàlẹ̀ táńkì, ó fi ọṣẹ ìfọṣọ dí i, ó nu ọwọ́. Lójú tirẹ̀, ó parí.

Òórùn epo kò lọ. Labibah ló ń dà láàmú jù. Orí á máa fọ́ ọ, aṣọ rẹ̀ á máa rùn dé kíláàsì. Lọ́jọ́ kan, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, epo yìí ṣì ń jò. Ó ń bà mí lẹ́rù."

"Tí ọkọ̀ mi bá ń rùn, máa wọ bọ́ọ̀sì. Mi ò ní gbé ẹ mọ́."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì. Bùsàrí náà rọra ń bá kẹ̀kẹ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ epo mọ́, Làmídì sì gbà pé òun ti tún un ṣe nìyẹn. Imú rẹ̀ ti mọ òórùn náà lára. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i.

Nígbà tó yá, Labibah parí ẹ̀kọ́, wọ́n sì pè é fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù láti yàrá tó ti gbà sí Gidan Kwano, ó bẹ̀ ẹ́ kó wá gbé òun àti ẹrù òun dé gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "A ó rí i," ni Làmídì wí. Bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn. Ó ra epo kún táńkì nírọ̀lẹ́ yẹn, ó fọ ọkọ̀, ó nu ibi tí ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó. Kò sọ èyí fún ọmọ.

Láàárọ̀, ọkọ̀ kú lójú ọ̀nà Bida tó gba Gidan Kwano kọjá. Epo ti jò tán. Làmídì yọ fóònù, ó wò ó, ó dá a padà sápò. Kí ló fẹ́ sọ? Pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ? Ó ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó fara balẹ̀. Ó nu gbogbo ara táńkì gbẹ, ó da epo díẹ̀ sínú rẹ̀, ó tan ọkọ̀, ó padà sábẹ́ rẹ̀, ó ń wo ibi tó máa kọ́kọ́ tutù. Òkè ni. Rọ́bà tó ń gbé epo láti òkè táńkì lọ sí ẹ́ńjìnnì ló ti là, tí epo ń ṣàn gba ara táńkì wá síbi tó fi ọṣẹ dí. Ó gé ibi tó là dànù, ó ti èyí tó kù wọlé, ó sì fún irin tó dè é. Kò jò mọ́. Iṣẹ́ tí kò le rárá.

Ó dé Gidan Kwano, yàrá ti ṣófo. Ìgbà yẹn ló tó pe ọmọ rẹ̀.

"Mo dúró títí, Bàbá. Nígbà tí mi ò rí yín, mo ní ẹ ṣì ń bínú. Ẹ kúkú ti sọ pé ẹ ò ní gbé mi mọ́."

Làmídì fẹ́ sọ nípa rọ́bà náà, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ.

Ní ìpínlẹ̀ tó lọ sìn náà ni Labibah ti rí iṣẹ́, ibẹ̀ ló sì jókòó sí. Ó ń kí bàbá rẹ̀ lórí fóònù, kò wá sílé. Làmídì lọ sọ fún Bùsàrí pé ọkọ̀ ò rùn mọ́. "Madalla, ó dára bẹ́ẹ̀," ni Bùsàrí wí. Ó ní òun àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ òun ti mọwọ́ ara wọn. Títí dòní, lọ́jọ́ Jímọ̀, Làmídì á dúró díẹ̀ níwájú ilé Bùsàrí, á ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀. Nígbà tó bá yá, á tì í, á máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹni tó ń sọ àléébù yín fún yín ṣì fẹ́ bá yín rìn. Bó bá dákẹ́, ẹ má tíì yọ̀; ẹ wò ó bóyá ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá sì ti fi ẹnu lé ènìyàn lọ, ẹ fi ẹnu kan náà pè é padà kíákíá. Rọ́bà ọkọ̀ ṣeé gé, ó ṣeé dè. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti gbà gbọ́ nípa bàbá rẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.