Etí Ìjọba Kò Mọ Oríkì

Àràárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni òfin ní kí àwọn agbowó-orí máa lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá wọn ṣe na gbalaja sí ẹnu ọ̀nà Fadérera.

"Ẹ má bínú, mà. Àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe kẹ̀? Èmi nìkan lẹ sọ di èèyàn mẹ́ta! Ṣé ìyá tiyín kò kì yín rí ni?"

Etí ìjọba tó wà lára ògiri gbogbo ilé ló fa wàhálà. Ó gbọ́ tí aládùúgbò ń pè é ní Ìyá Dámi, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń kì í ní Àwẹ̀ró, ló bá ń gba owó orí èèyàn mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún kan, nítorí ìbẹ̀rù etí náà, Fadérera ṣáá ni Màmá ń pè é, bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Ọ̀gá dìde, ó tẹ etí náà. Iná pupa ara rẹ̀ di àwọ̀ ewé.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni yín báyìí, mà."

Fadérera mí kanlẹ̀. Màmá yọjú láti yàrá, ó ń wo iná náà tìfura-tìfura.

"Àwẹ̀ró?"

Iná kò yí padà. Ni Màmá bá gbóhùn sókè, ó ń kì í lọ ràì, bí ẹni tó ń san gbèsè oríkì odindi ọdún kan.