Ẹsẹ̀ Ọmọ Ẹ̀yìn

Ní àárọ̀ Sátidé, Àyọ̀ká pọn Akínlàjà, ọmọ rẹ̀, ó sì fa Mosúnmọ́lá lọ́wọ́ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù Ìsẹ́yìn. Ọdọọdún ni ẹ̀rọ kan ń yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wò níbẹ̀. Ìsẹ́yìn ló ń tọ́ àwọn tí yóò máa ṣọ́ àwọ̀n, Ṣakí ló ń tọ́ àwọn tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ìlú tí ẹ̀rọ bá pín ọmọ sí ni yóò ti dàgbà. Bí wọ́n ṣe gbé Mosúnmọ́lá wá láti Ṣakí fún Àyọ̀ká láti tọ́ nìyẹn, nígbà tí kò tíì lè dá jókòó.

Ẹ̀rọ yẹ Mosúnmọ́lá wò tán. Lójijì, ó tan iná sí ẹsẹ̀ Akínlàjà lẹ́yìn Àyọ̀ká.

“Ẹ kú oríire, Mọ́mì,” ni kóòṣì wí. “Ṣakí ló ni ẹsẹ̀ yìí. Mọ́tò máa gbé e lọ́sàn-án.”

“Akínlàjà ò tíì rìn,” ni Àyọ̀ká sọ.

Àwọn ìyá yòókù ń kí i. Àyọ̀ká jókòó sórí koríko.

Mosúnmọ́lá lóṣòó tì í. “Mọ́mì, ìyá tó bí mi ní Ṣakí, ṣé báyìí lòun náà ṣe jókòó?”

Àyọ̀ká ò ro ti obìnrin yẹn rí. Ó wo ojú ọmọ náà títí. Nígbà tó yá, ó dìde, ó so ọ̀já le, ó sì di Mosúnmọ́lá lọ́wọ́ mú.

“Mọ́mì, ọmọ nìkan ni mọ́tò ń gbé,” ni kóòṣì wí.

“A ó fẹsẹ̀ rìn,” ni Àyọ̀ká dáhùn. “Ìyá kan wà ní Ṣakí tí mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún.”